Kòkòrò Lẹ́nu Ọ̀gá, Hẹ̀rẹ̀huru Létí Ta?

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Wọn ò ní ká sọ fún un nítorí ìfẹ́. Wọn ò ní ká sọ fún un nítorí Ọlọ́run, tàbí nítorí pé ọmọlúàbí ni wá. Nítorí oorun ni. Yàrá tiwa ló kan tirẹ̀, ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín, bó bá ti ń wúkọ́ lọ́hùn-ún, ojú tiwa ò ní lè pa dé níbí. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ò wá gba ẹnikẹ́ni là. Ó fẹ́ sùn ni.

Láyé ìgbà tí wọ́n pa á, ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Lóde òní ńkọ́? Ọ̀gá ilé iṣẹ́ jókòó sórí àga tó ń yí bírípó, ó ń jẹ kòkòrò wàmùwàmù. Àwọn tó yí i ká ń wò ó. Ọ̀kan ń pàtẹ́wọ́, ọ̀kan ń bá a wọ́n iyọ̀ sí i, ọ̀kan ń búra pé irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń jẹ ní Dubai. Nígbà tí ikọ́ bá fi máa dé lóru, kálukú ti wọ ilé tirẹ̀, wọ́n ti ti fèrèsé, wọ́n ti tan ẹ̀rọ amúlétutù. Òmíràn tiẹ̀ ti gba físà Kánádà. Òwe náà ò purọ́ o. Ilé ló yí padà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Ìbàdàn gbà mí pé kí n máa bójú tó ọjà títà. Chairman ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá náà, mi ò sì ní bú u, torí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ru àpò omi nígbà náà, tó ń gbé e kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, títí tó fi ní ẹ̀rọ mẹ́fà àti ọkọ̀ tó ń já omi káàkiri ìlú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó mú ọ̀rá tuntun wá sípàdé. Ó nà án sókè sí iná, ó ní ẹ wò ó bó ṣe fúyẹ́, ẹ wò ó bó ṣe mọ́, owó kìlò rẹ̀ ò sì tó ti èyí tí à ń lò. Ó ní kó tó pọ́dún, ohun tí a máa rí fi pa mọ́ níbẹ̀ á ra ọkọ̀ tuntun kan fún wa.

Ọ̀rá náà fẹ́lẹ́ lóòótọ́. Mo ń rí ìka rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀rá, mo ń rí òrùka tó wà ní ìka náà, ó kù díẹ̀ kí n rí ohun tó ń rò. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà rí mọ̀ pé irin gbígbóná ló ń lẹ ọ̀rá pọ̀. Bí ọ̀rá bá fẹ́lẹ́ jù, irin lè jó o lu. Bí a bá sì dín iná irin kù jù, ẹnu ọ̀rá ò ní lẹ̀ mọ́ra. Kò rọrùn láti bọ́ sáàárín méjèèjì. Ọ̀gá àwọn ẹlẹ́rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ó wolẹ̀ díẹ̀, ó tún gbórí sókè, ó ní, "Chairman, irú ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi jíǹkí yín yìí, kò wọ́pọ̀." Màmá tó ń ṣe akáǹtì ní, "Ẹ̀bùn ni, sà." Ó wá kàn mí.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé àwọn ọmọ náà dé ibẹ̀, ó sì tì í padà sínú. Mo ní, "Sà, ó ń dán. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ohun tó bá ń dán."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wá bá Chairman lójú gbogbo wa. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù rinrin láti itan dé kókósẹ̀. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní: "Ẹ má bínú sí mi, sà. Nínú àpò mẹ́ta tí mo bá gbé, ọ̀kan á ti jó kí n tó dé Mọ́níyà. Àwọn ìyá tí mò ń já a fún ní àwọn ò lè sanwó omi tó ti dà sínú ọkọ̀. Akáǹtì sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Sà, ọ̀rá yìí ò dáa."

Kí ló jẹ́ kó sọ̀rọ̀? Ṣé ó láyà ju ọ̀gá ẹlẹ́rọ lọ ni? Ṣé ó fẹ́ràn Chairman ju bí Màmá Akáǹtì ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ? Rárá o. Owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú rẹ̀. Omi tó ń jó, itan rẹ̀ ló ń jó sí. Nínú gbogbo wa tó wà ní yàrá yẹn, òun nìkan ni yàrá rẹ̀ kan ti oníkọ́.

Chairman wò ó títí, ó ní, "Ìwọ awakọ̀, ilé ìwé wo lo ti kọ́ nípa ọ̀rá?" A bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo gbá tábìlì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gbé awakọ̀ náà lọ sí ẹnu géètì, pé kó lọ máa ṣí i kó máa tì í. Láti ọjọ́ náà, kò sí awakọ̀ kankan tó tún wá sọ pé omi ń jó. Kì í ṣe pé omi ò jó mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Chairman lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé aṣáájú rere ní láti máa gbọ́ tẹnu àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú ìtara. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, a kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, mọ̀lẹ́bí ni wá. Ó ní ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kí ènìyàn tó dé ìdí ilẹ̀kùn náà, á kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ sẹ́kítírì, á kọjá lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n Chairman tó jókòó síbẹ̀ láìníṣẹ́, á wá tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹni méjì péré mọ̀. Ó tún kan àpótí kan mọ́ ògiri kí a máa ju àbá wa sí i. Abẹ́ kámẹ́rà ló kàn án mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀rá kúlíkúlí, káàdì ìpè sí ìgbéyàwó, àti bébà kan tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sí pé, "CHAIRMAN, ỌLỌ́RUN Á TÚBỌ̀ MÁA LÒ YÍN." Mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé e ga.

Ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí yìí tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mọ̀lẹ́bí wo? Ní ilé tèmi, bí mo bá wọṣọ tán, àbúrò mi obìnrin á wò mí látòkè délẹ̀, á ní, "Bọ̀dá mi, ẹ yáa padà sínú ilé. Ṣòkòtò yìí ò bá bùbá yẹn lọ." Kì í retí àpótí. Bí wọ́n bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lóde, orúkọ bàbá tiẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó bá pe òṣìṣẹ́ ní mọ̀lẹ́bí, tó wá jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì, orúkọ ẹbí ló gbé fún un, kò pín ogún fún un.

Àwọn ìwé tí wọ́n ń tà ní pápákọ̀ òfurufú fún àwọn oníṣòwò ńlá kì í yé béèrè pé báwo ni ọ̀gá ṣe lè rí ẹni tí yóò dúró tì í gbágbáágbá, tí yóò sì tún máa sọ òótọ́ fún un. Wọ́n ń béèrè bí ẹni tó ń wá màlúù tó ń fò. Ẹ wá wò ó, àwa tí a gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe méjèèjì. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í jalè, tí kì í sá nígbà tí nǹkan bá le, olóòótọ́ ni. Ẹni tí kì í purọ́, olóòótọ́ náà ni. Èdè bàbá wa ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú la ti wá kọ́ ọ pé ẹni tó dúró tini ni ẹni tí kì í bi ni léèrè nǹkan.

Ibi tí ọ̀gá sì ti máa ń kọsẹ̀ jù ni pé ó máa ń ṣi olófòófó mú ní olóòótọ́. Olófòófó ń sọ òótọ́ o, ẹ má ṣàìfún un ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ nípa ẹlòmíràn ni: ta ló pẹ́ dé, ta ló ń wáṣẹ́ síbòmíràn, ta ló rẹ́rìn-ín nígbà tí Chairman ṣi èèbó sọ. Kòkòrò tó wà lẹ́nu Chairman gangan, kò rí i. Àwọn àgbà ní òfófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Àgbà ò rí ayé yìí dé. Èyí tí mo mọ̀ gba mọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ díẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè méje tó yí Aláàfin ká là ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Àwọn kan tiẹ̀ ní ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé Ọ̀yọ́ mọ èsì. Ìtàn sọ pé bí wọ́n bá kọ ọba, tó di dandan kó ṣígbá wò, kì í ṣe òun nìkan ni yóò lọ. Àrẹ̀mọ rẹ̀ á bá a lọ. Ṣàmù náà á bá a lọ, ìyẹn ọ̀kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì méje yẹn tó jẹ́ agbaninímọ̀ràn ọba. Ẹ dúró síbi ọ̀rọ̀ Ṣàmù yìí ná. Bí ọba bá jí láàárọ̀, tó ní òun fẹ́ fi owó orí kún owó orí, tí gbogbo ààfin ń kígbe pé Kábíyèsí ò, kí lẹ rò pé Ṣàmù ń rò lọ́kàn? Ọrùn ara rẹ̀ ló ń fọwọ́ pa. Èmi ò rò pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ á máa sọ fún ọba pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dán.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí ti ikú. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ ni pé àwọn tó dá ìjọba yẹn sílẹ̀ mọ ìdí òwe kòkòrò ju àwa lọ. Wọ́n rí i dájú pé ẹni tó súnmọ́ ọba jù lọ ò ní yàrá mìíràn tó lè sá lọ sùn sí. Abọ́bakú la mọ̀ nígbà náà. Èyí tó kún ilé iṣẹ́ lónìí ni abọ́bajẹ.

Kì í sì í ṣe àìsàn ilẹ̀ wa nìkan. Ní Kalifọ́níà, Elizabeth Holmes dá Theranos sílẹ̀ lọ́dún 2003, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀nba tó kán láti orí ìka ènìyàn ti tó fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyẹ̀wò. Nígbà tó fi máa di 2014, wọ́n ti ń pe iye ilé iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 9 dọ́là. Ẹ wo àwọn tó kó jọ sínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀: George Shultz, tó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Ààrẹ Reagan, Henry Kissinger, Jim Mattis ọ̀gágun. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tí ogun ń ta sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tí à ń yẹ̀ wò lọ.

Tyler Shultz, ọmọ ọmọ George yìí kan náà, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó rí i pé èsì àyẹ̀wò ò ṣeé gbára lé. Ó kọ̀wé sí Holmes fúnra rẹ̀. Igbákejì Holmes ló fèsì, ìwọ̀sí ló sì fi dá a lóhùn. Ọmọ náà fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2014. Ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀, ará ilé tòótọ́, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ó sọ fún un pé kòkòrò ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Bàbá àgbà ò gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ Holmes ló gbà. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà wá dojú kọ ọmọ yẹn, àwọn òbí rẹ̀ ná ju ẹgbẹ̀rún 400 dọ́là lọ sórí lọ́yà. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dorí kodò? Ọ̀gá ló jẹ kòkòrò, ilé ẹni tó sọ̀rọ̀ ni wọn ò ti sùn. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú àṣírí náà ní 2015, ilé iṣẹ́ ọ̀hún kú ní 2018, ilé ẹjọ́ sì rán Holmes lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta ní 2022.

Nílé níbí, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ àwọn ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì da bílíọ̀nù 420 náírà sínú àwọn báńkì náà kí wọ́n má bàa ṣubú. Owó tí wọ́n yá àwọn ènìyàn láìbìkítà ló há sọ́nà. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ olùdarí, ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹun ọ̀sán pọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Ṣé kò sí ẹni tó rí nǹkan ni? Ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ṣíà ni ikọ́ náà wá jí lóru, òun tí kò jókòó nídìí oúnjẹ rí.

Wọ́n ròyìn Alfred Sloan, tó darí General Motors ní Amẹ́ríkà fún ọdún gbọọrọ, pé nígbà kan tí gbogbo ìgbìmọ̀ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan láìsí àríyànjiyàn, ńṣe ló sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ wá ohun tí wọ́n máa fi ta ko ara wọn kí wọ́n tó padà wá. Ọkùnrin yẹn ò nílò àpótí àbá. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sòótọ́, kò sì wàásù. Ó kàn jẹ́ kó nira láti sá fún un.

Ọ̀gá tó bá fẹ́ olóòótọ́, ògiri ni kó jẹ́ kó fẹ́lẹ́, kì í ṣe ọ̀rá. Kó jẹ́ kí èrè àti àdánù ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ sí dé àpò àwọn tó fọwọ́ sí i, bó ṣe dé àpò awakọ̀. Kó pa ẹnu tirẹ̀ mọ́ títí tí ẹni tó kéré jù níbẹ̀ á fi sọ̀rọ̀ tán, torí bí Chairman bá ti gbé ọ̀rá sókè sí iná, ìpàdé ti parí. Lékè gbogbo rẹ̀, kó ṣọ́ ohun tó máa ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá sòótọ́ fún un, nítorí gbogbo ilé ń wo ẹni yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé awakọ̀ lọ sí géètì, gbogbo wa la kàwé níbẹ̀.

Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ dìde láàárín ìpàdé kó máa na ìka sí ọ̀gá lójú, kó ní òótọ́ lòun ń sọ. Mo mọ irú wọn, ariwo ni wọ́n fẹ́. Awakọ̀ yẹn dọ̀bálẹ̀ kó tó ya ẹnu, "ẹ má bínú" ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ Yorùbá nílò láti fi bá àgbà sòótọ́ wà ní ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Kò ṣe é láǹfààní kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Kó tó pọ́dún tí Chairman mú ọ̀rá náà wá, àwọn oníbàárà wa ti kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta omi ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹ̀rọ mẹ́fà di méjì. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kó omi sápò, tó jẹ́ pé iye àpò tí wọ́n bá kó lójúmọ́ ni wọ́n ń sanwó fún, làwọn àkọ́kọ́ tó padà sílé. Èmi ti rí iṣẹ́ síbòmíràn kí ikọ́ náà tó le. Mo sùn dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé Chairman níbi ìsìnkú kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbó, léèsì funfun ló wọ̀, ọkùnrin mẹ́rin sì yí i ká lábẹ́ kánópì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó fà mí jókòó, ó gbá mi léjìká. Ó ní, "Ìwọ gbọ́ ná. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ṣiṣẹ́ ìgbà yẹn, kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi?"

Mo rántí ṣòkòtò tó tutù rinrin. Kí n tó wá ohun tí mo máa sọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbà á lẹ́nu mi: "Ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo wọn, Chairman! Ayé ò fẹ́ràn ẹni rere!" Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín. Ewé ẹ̀fọ́ kan wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì, ó tutù yọ̀yọ̀, ó fẹ̀ bí èékánná àtàǹpàkò. Mo wo àwọn mẹ́rin náà. Gbogbo wọn ló ń wo eyín yẹn.

Ló bá pe oníyàwòrán, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó yíjú sí mi. "Ṣé mo wà dáadáa?"

Mo ní, "Ẹ ń dán, sà."